Kóòtù Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Nígbà tí Àǹtí Bírò fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Olóòtú kankan ò ní pàṣẹ fún un mọ́ pé, "Lọ kọ nípa títì tó bàjẹ́." Ohun tó bá wù ú ló máa kọ. Ẹ ò rí nǹkan! Ó jókòó báyìí, ni gbogbo nǹkan láyé bá ń wù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárọ̀, òṣùpá ló fẹ́ kọ. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kó sínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Nírọ̀lẹ́, orí ti ń fọ́ ọ.

Ohun yòówù tó bá kọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, alágbàfọ̀, ló máa ń kọ́kọ́ kà á fún. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í sọ nǹkan kan, aṣọ ló máa ń lọ̀ ní tiẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára, áyọ́ọ̀nù á dúró. Àmọ́ látìgbà tí àbúrò ti ń dá ṣiṣẹ́, áyọ́ọ̀nù ò tíì dúró rí. Àyà Àǹtí Bírò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó ní tí èyí tóun máa mú wá báyìí bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, òun á lọ bẹ olóòtú kó gba òun padà.

"Títì tó bàjẹ́ ṣì pọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó wọ́n omi sí aṣọ.

Ká sòótọ́, Àǹtí Bírò mọ ohun tó wù ú kọ. Aṣọ kóòtù kan wà ní kíkọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Tíṣà kan ló mú un wá fún fífọ̀ kó tó rìnrìn àjò, kò sì padà wá gbà á. Síbẹ̀, lóṣooṣù, ẹ̀gbọ́n á mú un sọ̀ kalẹ̀, á lọ̀ ọ́, á tún gbé e kọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́ béèrè ìdí. Ẹ̀rù ń ba àbúrò pé tóun bá kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n òun lè má bá òun sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ó ṣọkàn akin, ó kọ ọ́. Ó mú un lọ kà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kà á dé ibi tí obìnrin inú ìwé ti ń tún ọrùn kóòtù ṣe, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Áyọ́ọ̀nù dúró. Ó dúró pẹ́ débi pé ṣòkòtò oníbàárà tó wà lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín.

"Ta ló ní kí o kọ ìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Ó wo ihò ara ṣòkòtò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé.

"Kì í ṣe olóòtú lo máa lọ bẹ̀," ó ní, "oníṣòkòtò ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kà á tán."