Orúkọ Àbúrò Mi Lórí Iṣẹ́ Mi

Inú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí ìyá mi ń lọ ní Fìdítì ni mo wà lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún àbúrò mi obìnrin. Ó ní ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ti gbé ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń se yánrin tàbí ebòlò, kó kàn tẹ orúkọ kúkurú kan sórí fóònù rẹ̀. Ó pe orúkọ náà, orúkọ àbúrò mi gan-an ni, ó tún un pè. Ìyá mi tó jókòó tì mí pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi pé kí èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, nítorí pé èmi náà ní irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni mí ní Ìlọrà. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni mo ti ń wá sí Fìdítì ní Sátidé láti bá ìyá wa lọ sóko. Òun ló ń fi ẹ̀fọ́ hàn mí: èyí tó ń hù lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí tó máa ń korò tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó já a. Mo ń ya fọ́tò wọn, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ìkànnì ọ̀fẹ́ ni mo kó o sí. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àdírẹ́sì rẹ̀ gùn bí ọ̀nà oko, nọ́ńbà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Nígbà tí a délé, mo tẹ orúkọ tí pásítọ̀ pè. Fọ́tò tó kọ́kọ́ yọ ni ti ọwọ́ ìyá mi tó di ewé gbúre mú. Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn. Mo ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, tèmi ni, títí kan ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ. Mo ṣí ojú ìwé mìíràn, tèmi náà ni. Ṣùgbọ́n lókè fóònù, níbi tí àdírẹ́sì máa ń wà, orúkọ àbúrò mi ló dúró gbọn-in. Kò yí padà rárá.

Kì í ṣe ìbínú ló kọ́kọ́ wá. Owú ni, owú náà sì ti pẹ́ lára mi. Bí àbúrò mi bá ti Ìbàdàn wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá wa á pa adìẹ. Èmi tí mò ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọbẹ̀ àná ni mò ń bá nílé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fi ìkànnì náà han tíṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Awẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Ó wò ó.

“Wọn ò kó nǹkan yín lọ, mà,” ó ní. “Wọ́n ra orúkọ kan, wọ́n sì darí rẹ̀ sí ìkànnì yín. Ẹni tó bá tẹ orúkọ yẹn, ọ̀dọ̀ yín ló ń dé. Wọ́n wá fi ìbòjú bò ó, kí àdírẹ́sì tiyín má bàa hàn. Bí ìgbà tí ẹnìkan gbé pátákó ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé yín ni.”

“Tí mo bá yí nǹkan padà ní tèmi ńkọ́?”

“Á yí padà níbẹ̀ náà. Inú ilé yín ni wọ́n ń wò.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a ṣe jáde níléèwé, mo yọ fọ́tò ọwọ́ ìyá mi kúrò, mo sì kọ ọ́ sípò rẹ̀ gàdàgbà pé: “Tíṣà kan ní Ìlọrà ló kọ gbogbo èyí. Ẹni tí ẹ rí orúkọ rẹ̀ lókè kò kọ ìlà kan níbẹ̀.” Mo tẹ orúkọ àbúrò mi, mo rí ọ̀rọ̀ mi lábẹ́ rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo se ìrẹsì, mo jẹun dáadáa.

Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi pè mí. Kò pariwo. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá wa ni a ti pàdé. Ìyá wa ń ṣa ìṣápá nítòsí, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ wa.

“Àǹtí mi,” àbúrò mi ní, “ẹ ka àdírẹ́sì ìkànnì yín fún mi. Ẹ má wo fóònù.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé àárín, mi ò mọ ohun tó kàn mọ́.

“Bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín ò bá lè kà á, báwo ni ará ìjọ ṣe máa rántí rẹ̀? Ìdí tí mo fi ra orúkọ kúkurú nìyẹn.”

“Ìyẹn dáa. Kí ni ìbòjú wà fún?”

Ó mú ewé ìṣápá kan, ó ń ya á wẹ́wẹ́.

“Ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ ń lọ sóko,” ó sọ níkẹyìn. “Gbogbo ohun tí Màmá mọ̀, etí yín ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Bí èmi bá dé, wọ́n á pa adìẹ fún mi bí àlejò, nínú ilé tí wọ́n ti bí mi. Mo fẹ́ kí orúkọ tèmi náà wà níbì kan.”

Adìẹ tí mò ń tìtorí rẹ̀ jowú láti ọjọ́ yìí wá, òun gan-an ló ń dun àbúrò mi.

Ìyá wa gbé orí sókè. “Ta ni nínú ẹ̀yin méjèèjì tó bi mí bóyá mo fẹ́ kí ayé máa wo ọwọ́ mi?” A bẹ̀ ẹ́. Ó ní ká tètè dá fọ́tò náà padà, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ń bi òun pé ibo ló lọ.

Àbúrò mi yọ ìbòjú náà kúrò lójú wa. Orúkọ kúkurú ṣì ń darí èèyàn wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé, àdírẹ́sì tèmi ni wọ́n ń rí. Èmi náà pa gbólóhùn mi rẹ́, mo sì dá fọ́tò náà padà. Síbẹ̀, ní Fìdítì, “ìkànnì ọmọ Ìbàdàn” ni wọ́n ṣì ń pè é. Mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn ìyá ìjọ tẹ́lẹ̀ pé èmi ni mo ń kọ ọ́, ó ti sú mi.

Àbúrò mi ń bá wa lọ sóko lóòrèkóòrè báyìí. Kò mọ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí koríko, ìyá wa sì ń fi sùúrù kọ́ ọ, irú sùúrù tí kò fi bá mi lò rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ya fọ́tò ewé ọ̀dú kan tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Mo wá àlébù rẹ̀ títí, mi ò rí. Mo gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́, mo kọ orúkọ àbúrò mi sábẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀.