Abúlé Tí Máàpù Wa Sọ Di Òfo

Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, Lọ́kọ́já kò tíì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ kankan. Abẹ́ Ìlọrin la wà, ológun ló ń ṣèjọba, igbó sì ni Felele tí èèyàn ń là kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ kẹ̀kẹ́ ní Ganaja lónìí, ilé tó wà níbẹ̀ nígbà náà kò pọ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, àti pé ẹni tó ń sọ ọ́ ti dàgbà. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ohun tí mo rí lára ògiri ọ́fíìsì wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ara mi ṣì máa ń tutù.

Ayàwòrán-ilẹ̀ ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ìjùmú ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ ló gbé mi dé Lọ́kọ́já, àdúgbò Karaworo ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka wa. Sisí Dúpẹ́ ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè mí, kódà lẹ́yìn tí mo ti bímọ mẹ́ta.

Ọwọ́ la fi ń ya máàpù tẹ́lẹ̀. Èèyàn á tẹ̀ sórí tábìlì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, á máa fi yíǹkì dúdú ya ìlà sórí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí òógùn bá kán sí i, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé. Yàrá kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n gbé e sí, gbogbo wa sì ń wá àwáwí láti wọ ibẹ̀. Yàkúbù ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀, ọmọ Ebira kan tí kì í pariwo, tó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì. Yàkúbù á tẹ iye èèyàn àdúgbò kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ, iye ilé ìwé, bí iṣu àti kajú wọn ṣe ń jáde tó, ẹ̀rọ á sì fi àwọ̀ kun máàpù fúnra rẹ̀. Ibi tí èèyàn pọ̀ sí á pupa fòò, ibi tí wọn kò pọ̀ sí á pupa rúsúrúsú, ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni á funfun.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe eré. Ìjọba ń wá ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti òkè òkun yóò fi dáko àgbàdo, kí orílẹ̀-èdè wa lè yé wo ojú àwọn ẹlòmíràn fún oúnjẹ. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé. Ibi tó bá funfun lórí máàpù ni àwọn yóò fún wọn. Ó dùn létí. Èmi náà gbà pé bó ṣe yẹ kí ìjọba máa ṣe nǹkan nìyẹn, kí wọ́n wo ẹ̀rí kí wọ́n tó ṣe ìpinnu.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo ń wí, bàbá àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú obìnrin méjì. Àgbẹ̀ ni, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, Bàbá Jímọ̀ ni orúkọ rẹ̀, abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Agbọn ló sì ti wá. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ó sì ti wọ lọ́rì díẹ̀. Ẹnu Ọ̀wọ́rọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń fi Yorùbá gbogbogbòò kọ ọ́ síbí, yàtọ̀ sí Òkun, tí í ṣe ìkíni lọ́dọ̀ àwa méjèèjì.

"Òkun o, ọmọ mi."

"Òkun, Bàbá. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. "Àwọn kan wá ri èèkàn mọ́ oko mi. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ilẹ̀ náà kò léèyàn. Mo ní, èmi ńkọ́? Wọ́n ní kí n wá bi ọ́fíìsì."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Máàpù tuntun wà lára ògiri lẹ́yìn mi, mo sì fẹ́ fi hàn án pé ìjọba mọ̀ ọ́n. Mo mú un dé ibẹ̀, mo fi ìka tọ odò, mo tọ ojú ọ̀nà, mo yà sí apá òsì níbi tí òkè wọn wà. Ìka mi dé ibẹ̀, ó sì dúró. Ó funfun. Kì í ṣe Òkè-Agbọn nìkan. Gbogbo abúlé tó wà lẹ́yìn odò kékeré yẹn ló funfun bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Funfun yìí, kí ló túmọ̀ sí?" Bàbá bi mí.

Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ mo tún tẹ̀ wo àlàyé tó wà nísàlẹ̀, bóyá ojú mi ló ń tàn mí jẹ.

"Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Bàbá."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo àwọn obìnrin méjèèjì tó bá a wá. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ pọ̀n. Ó tún yíjú sí mi.

"Ṣé a ti kú ni?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó bèèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí.

Mo lọ bá Yàkúbù nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo sọ fún un, ó kọ́kọ́ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó fa fáìlì kan jáde, ó ń ṣí i wò ní ewé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀.

"Afárá wọn já lásìkò òjò," ó ní. "Àwọn tó lọ kànìyàn kò dé ọ̀hún. Wọn kò mú ìwé kankan wá láti ibẹ̀."

"Kí lo wá tẹ̀ sínú ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀rọ kò gbà kí n fi àyè sílẹ̀. Mo tẹ òdo síbẹ̀ kí n lè ráyè bá iṣẹ́ lọ. Mo ní màá padà wá tún un ṣe." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Mo gbàgbé, Sisí. Mo gbàgbé pátápátá."

A lọ bá ọ̀gá wa papọ̀. Ó gbọ́ wa dópin, ó ní máàpù ti lọ sí olú-ìlú, wọ́n ti fọwọ́ sí i, àwọn òyìnbó ti rí i. Ó ní bí òun bá sọ fún wọn nísinsìnyí pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, wọn kò ní gba ohunkóhun tó bá tún ti ọ́fíìsì wa jáde gbọ́. Ó ní kí àwọn ará abúlé kọ̀wé ẹ̀bẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ìgbéga ni tiwa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko Ọ̀wọ́rọ̀. Mo ní ọwọ́ wa ló ṣe máàpù náà. A jiyàn gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí a dìbò, àwọn tó ní ká ṣe nǹkan ló pọ̀ jù. Ohun tí a pinnu kò ju èyí lọ: a ó lọ ka àwọn èèyàn náà fúnra wa.

Sátidé méjì la fi ṣe é. Àwa mẹ́rin ni, Yàkúbù wà lára wa. A wọ lọ́rì dé ibi tí ọ̀nà parí sí, a fi ẹsẹ̀ la odò kọjá lẹ́bàá afárá tó já. Ilé dé ilé la ń wọ̀ ní Òkè-Agbọn, tí a ń kọ orúkọ sínú ìwé. Àwọn arúgbó jáde wá dúró kí a lè rí wọn dáadáa. Ìyá kan ní kí n kọ ọmọ tó wà nínú òun sílẹ̀, mo sì kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ní orúkọ.

Abúlé tó gbẹ̀yìn ni Ìsàlẹ̀-Ìṣà. Kí a tó dé ibẹ̀ la ti rí i pé ojú ọ̀run ibẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, kò sí òjìji. Katapílà ti débẹ̀ ṣáájú wa. Igi kajú tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún lósì ti wó lulẹ̀ káàkiri, gbòǹgbò wọn ń wo òkè, àwọn ewé kò tíì rọ tán. Obìnrin kan jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn igi náà. Ìyá Ràbí ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló gbin oko náà kó tó kú.

Ó wo ìwé ọwọ́ mi. "Ẹ̀yin lẹ ń kànìyàn?"

"Àwa ni, Mà."

"Ẹ pẹ́," ó ní.

Yàkúbù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń ka àwọn igi tó wó. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ya máàpù, n kò tíì rí i rí pé ìlà tí èèyàn fà sórí pépà lè wó igi.

Nígbà tí a padà dé Karaworo, a rán aṣọ ìbùsùn mẹ́ta pọ̀, mo ya òkè, odò àti ọ̀nà sí i lórí, a wá fi yíǹkì pupa tọ́ka sí ilé kọ̀ọ̀kan tí a kà. Ní ọjọ́ tí a dá, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ jáde, àwọn ará abúlé dé, àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà sì dúró. A tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ níwájú ilé, a gbé máàpù kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí n kò retí ni pé àwọn èèyàn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tiwọn. Apẹja Nupe kan bẹ̀ mí pé kí n fi abúlé òun hàn òun. Ó funfun. Obìnrin Igala kan bèèrè tirẹ̀. Ó funfun. Gbogbo ibi tí ẹ̀kún omi tàbí ọ̀nà búburú kò jẹ́ kí àwọn akànìyàn dé ni òdo gbà. Ariwo tí a bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, títí gbogbo èrò fi tẹ̀ba síbẹ̀, tí wọ́n ń wo pépà kan.

Ọ̀gá wa jáde pẹ̀lú ọlọ́pàá mẹ́rin. Ó mú ojúlówó máàpù náà dání, èyí tó ní àmì àṣẹ. Ó nà án sí mi níwájú gbogbo èèyàn.

"Sisí Dúpẹ́, abeg, read wetin dey for bottom. Make dem hear am."

Mo wo ìsàlẹ̀ pépà náà. Ibẹ̀ ni a máa ń kọ orúkọ ẹni tó yẹ iṣẹ́ wò pé kò ní àṣìṣe. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni, kò sí àní-àní. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kó pépà wá sórí tábìlì mi, tí màá fọwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni mo máa ń yẹ̀ wò fínnífínní. Ti ẹ̀rọ, mo kàn ń fọwọ́ sí i.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Kí ló kọ síbẹ̀?" Bí mo bá fẹ́, ǹ bá dákẹ́. Ọlọ́pàá ìbá tú wa ká, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀.

"Orúkọ mi ni," mo wí. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. N kò wò ó. Mo rò pé ẹ̀rọ kò lè ṣàṣìṣe."

Yàkúbù ti èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá dúró tì mí. "Èmi ni mo tẹ òdo síbẹ̀," ó ní. "Ẹ má dá a lẹ́bi nìkan."

Mo retí kí wọ́n bú wa. Bàbá Jímọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọra rìn yí aṣọ náà ká kí ó má bàa tẹ̀ ẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Èyí tí o kò wò, o fọwọ́ sí i," ó ní. "Èyí tí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé, wá fọwọ́ sí òun náà."

Mo kúnlẹ̀, mo kọ orúkọ mi sí etí aṣọ. Yàkúbù kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí máàpù kọ̀ǹpútà wà, tó ń fi ìka wá ibì kan bí àwọn yòókù. N kò mọ̀ bóyá ó rí i. Ó kàn dìde, ó sì ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀.

Ó gba oṣù díẹ̀ kí ìwé tó dé pé wọ́n ti fagi lé máàpù náà. Wọ́n fa èèkàn tu ní Òkè-Agbọn. Ilé-iṣẹ́ òkè òkun náà bínú lọ, ìjọba sì tún rán àwọn akànìyàn lọ sí àwọn abúlé náà. Ohun tí a jà gbà nìyẹn, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ilé ìwé wà ní Òkè-Agbọn lónìí nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọdé wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n lé Yàkúbù kúrò níṣẹ́. Wọ́n dá èmi dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì gbà mí padà, nítorí pé ẹgbẹ́ jà fún mi. A kò jà fún òun bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, a sì fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ó padà sí Òkene, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. N kò lọ kí i títí ó fi kú, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí nípa ìjàkadì wa, ẹ kọ èyí náà sílẹ̀.

Ìsàlẹ̀-Ìṣà kò sí mọ́. Igi kajú kì í hù padà lọ́dún kan, kò sì sí ẹni tó dúró dè é. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fọ́n ká, máàpù tó ń jáde báyìí sì fi funfun síbẹ̀, òótọ́ ló sì ń sọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Ganaja ni Ìyá Ràbí kó wá. Mo lọ bá a. Ó ti dàgbà, ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin nínú yàrá kan. Ó bu omi fún mi. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sọ bí orúkọ mi ṣe dé ìsàlẹ̀ pépà yẹn, n kò fi ohunkóhun pamọ́. Mo ní kí ó dárí jì mí.

Ó ní òun ti gbọ́. Ó gba ife omi lọ́wọ́ mi, ó sin mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n kí àwọn ọmọ mi. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.