Bàbá Mi Wá Béèrè Ohun Tí Mo Ní Wọ́n Sọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in. Èmi tó ṣojú mi, ẹ̀rín ò tíì wá dáadáa látìgbà náà. Ọ̀sán gangan ni. Ẹni tó bá ní òru nìkan lòkú ń jáde, kó wá bá mi ta ẹran lọ́jà Ìwó.

Alápatà ni mí. Màlúù ń sá fún mi, èmi náà ń sá fún abẹ́rẹ́. Prímárì ni mo kà mọ, kò sì yé mi tán.

Àbúrò mi obìnrin, Sìkírátù, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń gbé e lọ sí Òṣogbo kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Omi mímu pàápàá, wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún un ni.

Dókítà pè mí jókòó. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wa bára mu. Ó ní kíndìnrín méjì ni mo ní, ọ̀kan ti tó mi lò. Bí wọ́n bá fi ìkejì sínú Sìkírátù, á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, á mumi yó, á padà sí ilé kéú tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Oògùn nìkan ni kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan gbàgbé láyé rẹ̀. Ó tiẹ̀ ní ẹ̀dọ̀ náà, wọ́n lè gé lára rẹ̀ fún èèyàn, ti ẹni tó fúnni á tún hù padà.

Mo ní, "Dókítà, gbogbo ẹ̀dọ̀ tí mo ti gé lọ́jà, ọ̀kan ò hù rí."

Ó wò mí bí ẹni wo ewúrẹ́.

Ẹ̀rù bà mí, mo bá purọ́. Mo sọ fún ẹbí pé bàbá wa tó ti kú yọ sí mi lójú àlá, wọ́n ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ fọ̀bẹ kan ọmọ àwọn.

Sìkírátù ní, "Bọ̀dá, bí Bàbá bá ti wí bẹ́ẹ̀, ó parí."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ìsọ̀ ti lọ kírun àìlà. Èmi ò lọ. Ojú Ọlọ́run ń tì mí. Mò ń nu pákó ẹran nígbà táwọn eṣinṣin dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbà mí gbọ́, eṣinṣin ìdí ẹran kì í dákẹ́.

Mo gbójú sókè. Bàbá mi ni. Ẹsẹ̀ wọn tó wú títí wọ́n fi kú, tí a ní ayé ló ń ṣe wọ́n, kò wú mọ́. Wọ́n ń tẹ kíndìnrín màlúù wò bí oníbàárà.

Wọ́n rọra ní, "Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi ẹran. "Bàámi, ẹ̀rù ló bà mí."

"Nígbà tèmi, a ò mọ̀ pé kíndìnrín ló ń mú ẹsẹ̀ mi wú. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ìwọ ọ̀bọ wá ń sá pamọ́ sẹ́yìn orúkọ mi."

Nígbà tí mo máa gbórí sókè, kò sẹ́nì kan. Àwọn eṣinṣin tún bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ti ìsọ̀. Mo bẹ́ sórí ọ̀kadà, ó di ilé Sìkírátù. Ọlọ́kadà ní kí n sún síwájú, kí ẹnì kejì mi lè ráyè jókòó dáadáa.

Mo ní, "Ẹnì kejì wo?"

Ó wẹ̀yìn wò. Bí a ṣe débẹ̀, kò dúró gbowó.

Mo bá Sìkírátù lórí ẹní. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa. Màá fún ẹ."

Kò wò mí. Ẹ̀yìn mi ló ń wò. Ọmọ tí kò lè dìde bí wọn ò bá fà á, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàámi."

Mi ò wẹ̀yìn wò. A ń retí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ báyìí, bó ṣe máa já sí, Ọlọ́run ló mọ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu òkú. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì mọ ọ̀nà ọjà.