Àmín Tí Mo Ṣe Sí Ìwé Mọ́tò

Mo rántí òórùn Deer Park, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, ju bí mo ṣe rántí ojú ẹni tí mo ń tọ́jú níbẹ̀ lọ. Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, tí àwọn páìpù ilé-iṣẹ́ epo bá ti ń yọ lápá òsì, òórùn kan a wọ inú mọ́tò bí ẹyin tó ti bàjẹ́, èmi a sì mọ̀ pé mo ti dé ibi iṣẹ́. Ìyá arúgbó òyìnbó kan ni mo ń tọ́jú. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fún un lóògùn, mo ń se ọbẹ̀ tí kò ní ata fún un, èyí tí èmi fúnra mi kò lè fẹnu kàn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà náà. Àwọn ọmọ mi ní kí n jókòó sílé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun láti kékeré, bó bá jókòó lásán, àìsàn ni yóò máa wá a kiri.

Bí mo ṣe máa débẹ̀ ló ṣòro. Houston kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn, bọ́ọ̀sì kò sì dé àdúgbò náà. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé ní Clear Lake, ọkọ rẹ̀ ló máa ń gbé mi lọ kó tó lọ sí ibi iṣẹ́ tirẹ̀. Kò ráhùn rí, ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bó bá ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó máa ń mi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ woroworo, mo sì gbọ́ ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà ń sọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Mo ní mo fẹ́ ra mọ́tò tèmi.

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò àlòkù, tí wọ́n sì ń bá èèyàn ṣètò lóònù, owó àyálò, lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan ló gbà mí lálejò. Ó fa àga fún mi, ó gbé omi tútù fún mi, ó sì ń pè mí ní Mama. Èmi tí àwọn ọmọ òyìnbó ń pe orúkọ mi lásán bí ẹni pé a jọ ṣeré ní kékeré, orí mi wú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde, ọ̀kan lé ọ̀kan. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé, ayé ló kọ́ mi ní ìyókù. Mo lè ka Bíbélì Yorùbá láìfi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wà nínú àwọn ìwé yẹn kéré bí èèrà, wọ́n sì ń rìn bí èèrà lójú mi.

Ó wá kan ìwé kan. Ó ní ti ààbò ni. Ó ní bí mo bá ṣàìsàn, tí n kò lè ṣiṣẹ́, àwọn ni yóò máa bá mi san lóònù náà. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bẹ̀rù, ó wá sọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan pé, "Mama, you are covered."

Ẹni tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni pásítọ̀ ń sọ ọ́ lé wa lórí, pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti bò wá, pé we are covered, gbogbo ìjọ a sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu ọmọ náà tí mo ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní, "Àmín, lórúkọ Jésù." Òun náà ní "Amen, Mama," ó sì sún bírò sí mi. Mo fọwọ́ sí i. Kò sọ fún mi pé nǹkan náà lówó lórí, pé wọ́n ti rò ó mọ́ lóònù, pé èlé yóò sì máa gùn ún. Èmi náà kò bi í. Ta ní ń béèrè iye tí àdúrà jẹ́?

Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀, èmi nìkan ni ì bá jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo jáde láti jẹ́rìí. Mo rántí pé mo wé gèlè tó ga ju ara mi lọ, mo sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn ju gèlè lọ. Mo ní ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe fi ọ̀rọ̀ ìbora sẹ́nu àlejò tí kò mọ̀ mí rí, pé kódà lóònù mi wà lábẹ́ ààbò. Ìjọ pariwo Halelúyà. Mo padà jókòó, mò ń fi aṣọ nu ojú, bí ẹni tó jagun dé.

Ọ̀rẹ́ mi wà ní ìjókòó kejì lọ́jọ́ náà. Mo fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Òun ló ń rán aṣọ àwọn akọrin wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ra ilé tuntun sí Fulshear, lódìkejì Houston, ó sì kó ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ilé ńlá ni, tó dára, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kò mọ ẹnì kankan lójú pópó náà. Gáréèjì ni ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ó sì nílò mọ́tò tí yóò fi máa kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà, tí yóò fi máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò fi máa rí ojú èèyàn. Kó tó di ìparí oṣù, ó ti lọ sí ibi tí mo lọ, ó bá ọmọ tí mo bá, ó sì sọ fún un pé èyí tó bo Mama ni kó fún òun náà.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan kí n tó ṣubú ní bálùwẹ̀ ìyá òyìnbó náà. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi kán. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń lọ sí yunifásítì, ló bá mi pe ilé-iṣẹ́ ààbò yẹn. Yorùbá tirẹ̀ kò ju oúnjẹ, ìkíni, àti ìbáwí tó ti gbọ́ lẹ́nu mi lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Wọ́n dá a lóhùn pé ààbò náà kò kan ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí.

"Grandma, ṣé ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó sign?"

"N kò kà á. Mo ṣe àmín sí i ni."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó ki ẹ̀wà bọ imú.

Ọmọ mi bá mi san lóònù náà títí ọwọ́ mi fi jinná, tí mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó yẹ kí n ti pe ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa lóhùn yẹn gan-an. N kò pè é. Mo ń sọ fún ara mi pé tèmi ọ̀tọ̀, tirẹ̀ ọ̀tọ̀, pé òun kò tíì kọjá ọdún márùndínláàádọ́rin nígbà tó rà á. Ṣùgbọ́n ohun tó dì mí lẹ́nu kì í ṣe ìyẹn. Ẹ̀rí mi ni n kò fẹ́ kó bàjẹ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìjọ tó pariwo Halelúyà fún mi? Oṣù mẹ́fà ni mo fi rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí mò ń kí i, tí mò ń bi í nípa ọmọ àti ọmọ ọmọ, tí n kò sì sọ̀rọ̀.

Láàárín oṣù mẹ́fà náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì ní kó má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ fún oṣù púpọ̀. Ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dààmú nítorí tèmi o. Mo ti wà lábẹ́ ààbò yín." Ààbò yín, ó wí. Mo ní Ọlọ́run yóò wò ó sàn, mo sì yára gbé fóònù sílẹ̀.

Nítorí pé ó gbà pé ààbò ń sanwó, kò san owó mọ́tò fún oṣù méjì. Ìgbà tí àwọn tó ni lóònù kọ lẹ́tà sí i ló mọ̀ pé ààbò kò san nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ ààbò ní ẹni tó ní ọ̀gá, tó ń gba owó oṣù, nìkan ni ààbò náà wà fún, òun sì ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ọmọ tó ta mọ́tò ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé-iṣẹ́ aránṣọ gbà á síṣẹ́. Àwàdà ni ọ̀rẹ́ mi fi ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n ní òun kò ní ọ̀gá, òun sì ní Ọlọ́run ni ọ̀gá òun, ni wọ́n bá bi òun bóyá Ó máa ń fún òun ní ìwé owó oṣù. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Mo wa mọ́tò lọ sí Fulshear lọ́jọ́ kejì. Mo bá a ní gáréèjì, ó wọ dígí dúdú, ó ń fi ọwọ́ tọ́ bọ́tìnnì wò nínú agolo, ó ń ṣa ńlá sọ́tọ̀, ó ń ṣa kékeré sọ́tọ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ti agolo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Mo ní láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti kán. Ó fi ìka ka oṣù rẹ̀ lórí tábìlì, ó dé ẹ̀kẹfà, ó dúró.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi," ó wí. Ó padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún ara mi pé mọ́tò ọ̀rẹ́ mi kò gbọdọ̀ lọ. Ọmọ ọmọ mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, èmi ń sọ, òun ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ ààbò náà. A kọ ti ọ̀rẹ́ mi, a kọ tèmi. Èyí tí mo sọ nínú tèmi kò le: bí mo bá ti dàgbà jù láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń gba owó mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́? Ọkùnrin kan láti ibẹ̀ pè wá padà. Ó ní ìwé wọn fi hàn pé mo gbà, àní pé inú mi dùn sí i. Mo ní àmín ni mo ṣe. Ó ní ṣé ìtumọ̀ àmín kì í ṣe 'bẹ́ẹ̀ ni'?

Mo sọ fún ọmọ ọmọ mi pé kó bá mi túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. "Sọ fún un pé Ọlọ́run ni mo dá lóhùn, kì í ṣe àwọn. Àdúrà kì í ní èlé."

Wọ́n kọ̀. A gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ká ní sùúrù. Sùúrù wà lọ́wọ́ wa, kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ni lóònù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ọ̀rẹ́ mi pè mí, ó ní ọkọ̀ afàmọ́tò ti wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ mi lọ."

Mo tọ pásítọ̀ lọ, mo ní mo fẹ́ gba ẹ̀rí mi padà. Ó ní Màmá, a máa ń jẹ́ ẹ̀rí ni, a kì í gbà á padà, pé yóò da ìjọ láàmú. Mo bi í pé bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ nítorí pé a ti gbàdúrà lé e? Ó wo ilẹ̀, ó ní kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo jáde pẹ̀lú ìborùn lásán. Mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sọ ti oṣù mẹ́fà náà pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìsìn parí, obìnrin mẹ́ta dúró dè mí níbi tí a ń gbé mọ́tò sí, wọ́n ní àwọn náà ra èyí tó bo Mama.

Ọmọ ọmọ mi kọ tiwọn náà, ọ́fíìsì ìjọba sì pàṣẹ níkẹyìn pé kí ilé-iṣẹ́ ààbò dá owó wa padà. Owó tèmi ló kọ́kọ́ padà, nítorí pé ẹ̀dà ìwé ìwakọ̀ mi, tí ọjọ́ orí mi wà lórí rẹ̀, wà nínú fáìlì wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n dá ti àwọn mẹ́ta yẹn padà. Ti ọ̀rẹ́ mi ló pẹ́ jù. Nígbà tó fi dé, wọ́n ti ta mọ́tò náà ní gbàǹjo. Owó padà, mọ́tò kò padà, ojú rẹ̀ kò sì padà dé ibi tó lè fi wakọ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Ìsinmi títí di òní. Láti Clear Lake dé Fulshear ju wákàtí kan lọ, a ó sì tún yí padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ mi ní mo ti dàgbà jù fún ìrìn náà, mo ní mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí lẹ́nu àwọn kan. Ọ̀rẹ́ mi máa ń dúró dè mí lẹ́nu gáréèjì. Yóò wọlé, yóò táwọ́ wá bẹ́líìtì, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ti wà lábẹ́ ààbò?" Mo máa ń ní kó fa bẹ́líìtì rẹ̀ dáadáa. A ó jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ bóyá ẹ̀rín kan náà ni à ń rín.

Bí pásítọ̀ bá ti wá sọ pé a ti bò wá, tí ìjọ bá dáhùn, mo máa ń dúró díẹ̀. Mo máa ń tẹ́tí sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi á kọ́kọ́ ṣe àmín tirẹ̀, kíkan, bí ẹni tí kò bẹ̀rù ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni èmi yóò ṣe tèmi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́ ọ kó sì gbà á lọ́wọ́ mi.