Ẹ̀ka tí Bàbá Mi Kò Jù

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwé àwọn ọmọ ọmọ mi fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sílé pé ọmọ tí ibì kan bá ń dùn kò gbọdọ̀ wọ pápá, ì báà ṣe òun ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Bàbá ọmọ kan tó dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé náà ka tirẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, nígbà tiwa, ta ní ń bi ọmọ léèrè ibi tó ń dùn ún?" Mo délé, mo mú kálámù.

Mo kéré gan-an nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Eyín iwájú mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni. Òyìnbó ti wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ́ gbọ̀ngàn sórí Òkè Màpó. Bẹ́yẹrúnkà ni agboolé wa wà. Lẹ́yìn ìkórè, nígbà ọyẹ́, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa a máa bá àwọn ti Òjé ja ìjàkadì lórí ilẹ̀ oníyanrìn kan nísàlẹ̀ Ọjà'ba.

Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ́kọ́ kanlẹ̀ ni wọ́n dá. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ṣubú pọ̀, ọ̀mì ni, wọn á sì tún un jà. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀mì a máa tán ènìyàn lókun, nítorí náà wọ́n máa ń fún ẹnì kan láàárín wọn ní ẹ̀ka igi tútù mú dání. Lẹ́yìn ọ̀mì ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí ó bá ju ẹ̀ka náà sí àárín àwọn oníjà, ìjà parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó borí, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ìkankan nínú wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá mi ló mú ẹ̀ka dání. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ló ń jà fún wa. Aṣọ òfì ni ẹ̀gbọ́n mi ń hun, ọwọ́ rẹ̀ sì dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ta aṣọ ní Òjé fi máa ń dúró de tirẹ̀.

Wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kíní. Wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kejì, èjìká òsì sì ni ẹ̀gbọ́n mi fi balẹ̀. Nígbà tó dìde, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń so okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ti òsì kàn rọ̀ sílẹ̀ ni.

Ariwo ti gba gbogbo ibẹ̀ kan. Alágbẹ̀dẹ kan tí bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀fà ń fò sókè: "Gbá a lẹ́sẹ̀! Gbá a lẹ́sẹ̀ báyìí! Ẹ ò rí i pé ẹnu ni ọmọ Òjé yẹn fi ń mí?"

Aránfìlà kan tó dúró tì í ní, "Kó má gbá nǹkan kan. Kó máa fà sẹ́yìn, kó jẹ́ kí tọ̀hún máa sáré bọ̀. Ẹni tó ti rẹ̀, eré ara rẹ̀ ló máa gbé e ṣubú."

"Ọmọ Ọ̀fà lo fẹ́ kọ́ ní ìjàkadì?"

"Ọ̀fà wo? Ìwọ tí àgbò Iléyá dá lójú ìyàwó?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì dá sí i. Ó ní, "Aránfìlà ló sọ òótọ́. Kó fà sẹ́yìn, kó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a mú."

Ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé òun náà ti rí i.

Mo fa etí agbádá rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ ń dun ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ju ẹ̀ka."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti jù ú. Bí mo bá jù ú báyìí, wọ́n á ní mo gba ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Òjé."

Ẹ̀gbọ́n mi wo apá ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan. Kò wo alágbẹ̀dẹ, kò wo aránfìlà. Ẹ̀ka ló wò. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà.

Ó fà sẹ́yìn, ó tún fà sẹ́yìn, bí wọ́n ti wí. Ọmọ Òjé sáré wọlé, ó di apá òsì rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ yí po. Ẹ̀yìn ọmọ Òjé ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, apá ẹ̀gbọ́n mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. A ti borí. Alágbẹ̀dẹ àti aránfìlà dì mọ́ra wọn, oníkálukú ń pariwo pé, "Ṣé mo wí?" Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi sókè. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹni tó ń to eegun fi ń wá sílé wa. Apá náà jiná, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé kọjá àyà mọ́, apá tí kò ṣeé gbé kọjá àyà kò sì lè hun òfì. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí oko kòkó, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. N kò gbọ́ ọ rí kó dá bàbá wa lẹ́bi. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, tí wọ́n tún gbé ẹ̀ka wá fún bàbá mi, ó ní kí wọ́n lọ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ìjà. Kò tún dé ilẹ̀ oníyanrìn yẹn mọ́ títí ó fi kú.

Ìsọ̀ ló kún ibẹ̀ lónìí. Bàtà ni àwọn ọmọ ń wọ ṣeré báyìí, adájọ́ ń fọn fèrè, àwọn olùkọ́ sì ń kọ ìwé ìkìlọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún bàbá mi. Inú mi dùn sí èyí. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé ẹ̀rù ń bà mí jù, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣe òǹrorò. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn máa sọ ló bà á lẹ́rù.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá rí i pé ibì kan ń dun ọmọ yín, ẹ mú un jáde lójú ẹsẹ̀.