Páìpù Tí Iná Kàn

Bàdírù púlọ́ńbà kì í fi iná ṣeré. Ìkìlọ̀ kan náà ló máa ń ṣe fún gbogbo onílé ní Ìgbògbò: "Páìpù tí iná bá ti kàn jù, ẹ má wo ojú ẹ̀. Òní kọ́ ló máa jò. Ọjọ́ tí omi bá fi agbára dé ni." Bó bá ń yan ẹnu páìpù kí òmíràn lè wọ inú rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Ó ti rí odindi ògiri tí wọ́n wó lulẹ̀ nítorí oríkèé kan ṣoṣo tí wọ́n yan jù, owó tí wọ́n sì fi tún un mọ ju iye gbogbo páìpù inú ilé náà lọ.

Ìdí nìyí tí ara rẹ̀ fi tutù nini lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, lọ́jọ́ tí Dókítà Tiwaladé fa àga jókòó tì í. Òkúta inú kíndìnrín ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ti fọ́ òkúta náà, ṣùgbọ́n dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Waliyah, a ò ní fi pamọ́ fún yín. Iná ẹ̀rọ tí a fi fọ́ òkúta yẹn, ooru ẹ̀ ta bá ọ̀pá tó ń gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín yín wá sí àpò ìtọ̀. A ti ki rọ́bà tín-ín-rín sínú ẹ̀ kó má baà dí. A máa fún yín ní oògùn sìtẹ́rọ́ìdì, láràárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Kí ẹ sì máa mu omi dáadáa."

"Ó jóná?"

"Ooru kàn án ni, bàbá."

"Ohun kan náà ni. Ṣé oògùn yìí máa tún un ṣe?"

"A gbà pé ó ń ṣèrànwọ́. Àmọ́ mi ò lè búra fún yín."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, "mi ò lè búra" nìkan ló bá a délé.

Kí àwọn oníbàárà má baà dí i lọ́wọ́ ìsinmi, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Kúlúsúmù, tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Olúwo. Kúlúsúmù wo oògùn náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Oògùn táwọn ọmọge fi ń sanra nìyí! Ṣé wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ sílé ọkọ ni?"

"Dókítà ló kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ìdí ẹ má kàn tóbi ju tèmi lọ. Mi ò ní gbà."

Bàdírù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. Oògùn ọ̀hún mú ebi wá, ó sì mú òùngbẹ tí kò rí irú rẹ̀ rí dání. Bó bá ti ya píọ̀ wọ́tà báyìí, àfi bíi pé ó ń gbọ́ ìró pọ́ǹpù nínú ara rẹ̀: omi ń bọ̀, ó ń já bọ̀, ó fẹ́ dé ibi tó jóná. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, oríkèé tí kò bá dáni lójú, ṣe ni wọ́n ń ti omi mọ́ ọn. Bàdírù náà bá ti omi. Ààbọ̀ píọ̀ wọ́tà ló ń mu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí òùngbẹ ò jẹ́ kó gbádùn, ó rò ó pé oògùn ló ń pe omi wá bẹ́ òun nínú. Ó dá oògùn náà dúró, ó sì ń kó hóró rẹ̀ sínú fìlà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà mọ̀.

Ọgbọ́n tó ń fi omi du kíndìnrín, ọgbọ́n àgbọ́njù ni.

Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹ̀gbẹ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kò sọ fẹ́nì kan. Bó bá wọ ilé ìtọ̀, ṣe ló ń dijú, kó má baà rí i bí ẹ̀jẹ̀ bá dé. Títí ó fi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ Kúlúsúmù fún ìrun àsárì, tí òòyì gbé e ṣubú, tí fìlà já bọ́, tí hóró oògùn sì fọ́n káàkiri ilẹ̀.

"Bàdírù! Kí lèyí?"

"Mi ò fẹ́ kí omi bẹ́ ibẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Kúlúsúmù kò tún rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹja sílẹ̀ fún ẹni tó pàtẹ tì í, ó háyà mọ́tò gbé e padà lọ sí ọsibítù ní Ìkòròdú. Owó mọ́tò náà gbé èrè ọjà lọ, kò sì wẹ̀yìn.

Muslimah, ìyàwó Bàdírù, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. "Bàbá Waliyah, ẹ ti ara yín pa bíi tánkì?"

Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò jágbe. "Páìpù tiyín ò ní ẹ̀mí, bàbá. Èyí tó wà nínú yín ń sàn. Sísàn yẹn gan-an la ń bẹ̀rù: ẹran ara lè máa mọ odi síbi ọgbẹ́ bíi bíríkìlà, títí ọ̀nà á fi dí pátápátá. Oògùn yìí la fi ń di bíríkìlà yẹn lọ́wọ́ mú. Omi tí ẹ sì ń sá fún, òun ló ń fọ ọ̀nà."

Jíjò ni Bàdírù ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí, dídí ló wà níwájú. Ẹ̀rù ò jáde, ó kàn pààrọ̀ ìyàrá ni.

Wọ́n fa omi sí i lára, ó padà sídìí oògùn, dókítà sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yọ rọ́bà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó dùbúlẹ̀ fún síkáànù. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ara rẹ̀ wò ò sọ̀rọ̀. Bàdírù mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Bí òun náà ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn bó bá gbé etí lé ògiri onílé.

"Kíndìnrín ò wú," Dókítà Tiwaladé wí níkẹyìn. "Omi ń kọjá. Àmọ́ ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ṣì lè dí."

"Alhamdulillah," ni Muslimah wí. Bàdírù ò tíì wí i. Ó ní kí wọ́n fún òun ní píọ̀ wọ́tà. Ó fi eyín ya etí rẹ̀, ó mu ún tán, ó tún béèrè òmíràn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ilé ìtọ̀, ó ń retí ìtọ̀.

Nígbà tó wọlé lọ, kò dijú.