Àlejò Ojú Fèrèsé

Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgando kì í pe atẹ́gùn lórúkọ. Àlejò ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kó bọ́tà mi dé, mo fi páálí dí fèrèsé ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ìyá Bọ́tà, ibo lo fẹ́ kí àlejò gbà wọlé?" Èmi òpè gbálẹ̀ de àlejò, mo gbé àga síta, àfìgbà tí Bàbá wọ́ páálí mi kúrò.

Mo ní, "Ẹ ò kúkú ránṣẹ́ pe olè!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn mú, bọ́tà aládùúgbò mi yọ́ di òróró, tèmi dúró digbí.

Lánàá, oníbàárà kan fẹ̀yìn ti fèrèsé náà. Mo ní, "Ẹ yà fún àlejò jàre." Ó sáré yíjú padà, ó sì kúnlẹ̀ kí àlejò.